Gèlè tí Mo Rán Pa

Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta adìrẹ ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ó bi mí ní ìbéèrè kan, ìbéèrè náà sì há mi lọ́fun bí egungun ẹja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Mo lọ ra adìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún eré olórin kan tí àwa kan ń ṣe nípa àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n dìde sí owó orí ní ọdún 1947. Aṣọ ni iṣẹ́ tèmi nínú eré náà. Èmi ni mo ń ya àwòrán ohun tí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan yóò wọ̀, èmi ni mo ń wá a rà, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ni a sì ń rán an. Bí ìyá yìí ti ń ká adìrẹ náà fún mi, mo mú ìwé àwòrán mi jáde, mo ṣí ojú ewé tí olú ẹ̀dá ìtàn wa wà, mo ní kí wọ́n bá mi wò ó. Ká sọ òótọ́, ìyìn ni mo ń wá. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó mà rẹwà o. Ṣùgbọ́n ibo ni eléyìí ń lọ? Ṣé ẹni tí ó ń lọ bá ọba jà ni, àbí ẹni tí ó ń lọ síbi ìgbéyàwó?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tí ó ń lọ bá ọba jà ni, mà. Wọ́n ní, "Háà, ó dáa náà," wọ́n sì ka owó wọn. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn oníbàárà mìíràn ti dé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìbéèrè náà á dé. Bí mo bá wọ takisí láti Kútọ̀ lọ sí Pánṣẹ́kẹ́, á bá mi wọkọ̀. N kò rí àléébù kankan lára àwòrán mi, síbẹ̀ n kò lè gbàgbé ohùn tí wọ́n fi sọ "ó dáa náà" yẹn.

Ohun tí mo yà sínú ìwé

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Abẹ́òkúta kò nílò kí n máa sọ ìtàn ọdún 1947 fún òun, tàbí bí Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá nígbà náà, ṣe fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ṣùgbọ́n kókó kan wà nínú ìtàn náà tí kò yẹ kí aránṣọ kankan gbójú fò. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ó ṣáájú àwọn obìnrin náà, kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1919 sí 1922, gáùn sì ni òun àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wọ̀. Nígbà tí ó di pé ó ń bá àwọn obìnrin ọjà ṣe pọ̀ ní àwọn ọdún 1940, tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí sì yí padà di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta ní ọdún 1946, ó bẹ̀rẹ̀ sí ró ìró, ó ń wọ bùbá, kí àwọn oníṣòwò lè mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ni òun. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé obìnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ wa kí á tó bí wa. Ó mọ̀ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ó sì mọ ọ̀nà tí òun fẹ́ kí wọ́n gbà rí òun.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó tan mí jẹ, nítorí mo rò pé orúkọ aṣọ ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Mo jókòó, mo pín àwọn ẹ̀dá ìtàn sí ọ̀wọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣa ẹ̀wà: àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé nínú gáùn àti àkẹtẹ̀, àwọn oníṣòwò nínú adìrẹ, àwọn ìjòyè nínú sányán àti ẹtù, àwọn agbowó orí nínú kákí, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ nínú ṣòkòtò péńpé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ó dé orúnkún. Aṣọ tí ẹni kọ̀ọ̀kan wọ̀ yóò sọ irú ẹni tí ó jẹ́, ó parí.

Olú ẹ̀dá ìtàn wa kì í ṣe Ransome-Kuti fúnra rẹ̀. Obìnrin kan tí ó ń ta ìrẹsì ni, tí òǹkọ̀wé eré náà dá sílẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní ọjà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àlàárì ni mo fún un: ìró, bùbá, ìpèlé àti gèlè, gbogbo rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò burú. Ènìyàn 26 ni yóò wà lórí ìtàgé nígbà kan náà, ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá sì gbọ́dọ̀ rí ẹni tí ìtàn dá lé lórí láìfi ojú wá a. Mo sì ti ya àwòrán náà kí ó tó yé mi pé ẹni tí wọ́n ń gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè wọ odidi àlàárì lọ sí ọjà ní ọjọ́ tí kò sí ayẹyẹ. Ìgbà tí ó yé mi tán, mo rán an bẹ́ẹ̀, nítorí àwòrán náà ti wọ̀ mí lójú.

Ohun kejì tí mo ṣe ni ó fa gbogbo wàhálà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni obìnrin yìí ní láti pààrọ̀ aṣọ, àkókò tí ó ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì pé ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà mo rán ìró rẹ̀ bí síkẹ́ẹ̀tì, mo fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gèlè rẹ̀, mo wé e tán lórí ère orí tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì fi abẹ́rẹ́ lé gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ mọ́ra kí ó lè máa dé e gbà-á bí ọ́tò-gèlè tí gbogbo wa ń rí ní òde àríyá. Mo fi aago fóònù wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú-àáyá 22 ni ó gbà láti bọ́ ti àkọ́kọ́ kí ó sì wọ ìkejì. Inú mi dùn débi pé mo pe olùdarí eré kí ó wá wò ó.

Iná àti aró

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ gèlè yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ fi hàn mí pé ohun tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni òǹwòran yóò rí.

Àwọn adìrẹ tí mo rà fún àwọn ẹlẹ́gbè dára gidigidi, irú èyí tí a mọ Abẹ́òkúta mọ́, tí wọ́n fi páànù tí a gé ní ọnà tẹ ẹ̀kọ láfún sí lára kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ó dúdú, ó jinlẹ̀, ó ń dán. Ṣùgbọ́n oníná wa ti pinnu pé ìran ọjà yóò ní ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oyin, kí ó lè dà bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Bí ó ti tan iná náà báyìí, gbogbo adìrẹ mi di dúdú bí èédú. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oyin kò fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ aró nínú, aṣọ kò sì lè dá àwọ̀ tí iná kò fún un padà sí ojú ènìyàn. Funfun ọnà rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, ìyókù di òkùnkùn. Ó dà bí ẹni pé ọ̀fọ̀ ni àwọn obìnrin náà ń ṣe.

Mo padà lọ bá àwọn aláró. Aṣọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró bí a bá ti nà án. Bí a bá ṣe ń rì í lẹ́ẹ̀kan sí i, tí a tún ń yọ ọ́ fún afẹ́fẹ́, ni ó ṣe ń dúdú sí i. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rì tèmi ní ìwọ̀nba, kí wọ́n jẹ́ kí ó dúró ní àyìnrín. Ìyá tí ó ń tọ́jú ìkòkò náà wò mí bíi pé orí mi ti yí, nítorí kò sí oníbàárà tí ó ń sanwó kí aṣọ òun má dúdú tó. Ṣùgbọ́n wọ́n bá mi ṣe é. Aṣọ tí ó rí bí èyí tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní ọ̀sán, òun ni ó di ojúlówó aró lábẹ́ iná.

Ó yẹ kí n ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, pé inú iṣẹ́ ni aṣọ eré ti ń fi ara rẹ̀ hàn. N kò rí i kọ́. Mo rò pé ti iná nìkan ni.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ní Kútọ̀

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ó kù kí á ṣí eré náà fún àwọn òǹwòran nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú aṣọ. Gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀ ni a ti ṣe é. Ooru mú gan-an, nítorí jẹnẹrétọ̀ tí a háyà kò lè gbé iná ìtàgé àti ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀. Mo jókòó sí ìlà kẹta pẹ̀lú páálí abẹ́rẹ́ àti òwú lórí itan, mo ń kọ ohun tí mo fẹ́ tún ṣe sílẹ̀. Apá kìíní lọ dáadáa. Wọ́n pààtẹ́wọ́ sí àlàárì mi nígbà tí ó jáde, èmi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ sí ara mi.

Apá kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tí ó jẹ́ ọkàn gbogbo eré náà. Wọ́n ti gba àpò ìrẹsì tí ó kù lọ́wọ́ obìnrin náà, ó padà dé ọjà, ó dúró láàárín ìsọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dé ìlà kẹrin, níbi tí akọrin gbọ́dọ̀ gbé ohùn kan sókè kí ó sì dì í mú fún ìlù mẹ́jọ kí àwọn ẹlẹ́gbè tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń ṣe ipa yìí ní ohùn tí ó lè ṣe é. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà ìdánrawò, nínú aṣọ ilé, láìmọye ìgbà. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dé ìlà kẹrin, ohùn náà já.

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún já níbi kan náà. Àwọn onílù dákẹ́. Olùdarí eré béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá a lóhùn, èmi ni ó wò láti orí ìtàgé, ó sì sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti ènìyàn: "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò rí èémí mí."

Mo ní kí ó má ṣe ìyọnu, mo lè tú síìpù náà díẹ̀ kí n sì fi aṣọ kún un lọ́la. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tí ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí. Gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ ń wé gèlè mọ ohun tí ọwọ́ yẹn ń wá. Ìṣẹ́tí gèlè ni ó ń wá, ibi tí a tì bọ inú ara rẹ̀ ní ẹ̀yìn, tí a ó fà kí ó lè tú. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, kò bá nǹkan kan. Ó lọ sí apá òsì. Ó tún padà. Àwọn kan bú sí ẹ̀rín nínú àwọn ẹlẹ́gbè, nítorí ó dà bí ẹni tí ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ní àpò tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ìṣẹ́tí níbẹ̀. Èmi ni mo ti rán an mọ́ ọn.

Ó wá ṣí gèlè náà lórí bí ìgbà tí ọkùnrin ṣí fìlà. Ó gbé e sí ọwọ́ méjèèjì, ó wò ó, ó wá ọ̀kan nínú àwọn ìṣẹ́po tí mo lé mọ́ra, ó sì fà á ya. Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ débi pé a gbọ́ bí òwú ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan: fà, fà, fààà. Gèlè náà ṣí, ó di aṣọ gbọọrọ. Ó gbọ̀n ọ́n nù lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó sì fi gba ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó, ó fà á kí ó le. Lẹ́yìn náà ni ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́, ó fa síìpù ìró mi wálẹ̀, ó ká ẹnu ìró náà sóde bí àwọn ìyá wa ti ń ká a, kí ikùn rẹ̀ lè rí àyè. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn mi orí sí àwọn onílù.

N kò ní parọ́, inú ló kọ́kọ́ bí mi. Òru méjì ni mo fi ṣe gèlè yẹn. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ orin náà, n kò sì rí àyè bínú mọ́. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ ní ìlà kìíní. Ní ìlà kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yà díẹ̀, nítorí ìró tí a kò dí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ jẹ́ kí ó lè dúró bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó dé ìlà kẹrin, ohùn náà jáde, ó dúró fún ìlù mẹ́jọ, ó sì ṣẹ́kù. Ohun tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀ ni n kò lè gbàgbé. Àwọn ẹlẹ́gbè 11 wà níbẹ̀. N kò rán gèlè tiwọn, nítorí owó kò tó. Èyí tí wọ́n fúnra wọn wé ni ó wà lórí wọn. Ẹni kan nínú wọn gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí, ó fa ìṣẹ́tí, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi gba ìdí. Ẹnì kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wọn ti di ẹni tí ó di àmùrè. Kò sí nínú ìwé eré. Olùdarí kò sọ fún wọn.

Mo rántí ìyá Ìtòkú. Ní báyìí ni mo wá rí ibi tí obìnrin náà ń lọ.

Ìró ni à ń ró

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ náà, èdè wa gan-an ni ó sì là mí lóye. Aṣọ ni à ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ìró, ríró ni. Gèlè, wíwé ni. Fìlà, dídé ni. Bàǹtẹ́, sísán ni. Ọ̀já, gbígbà ni. Bí a bá sì fẹ́ kúrò nínú wọn, aṣọ ni à ń bọ́, gèlè ni à ń tú, fìlà ni à ń ṣí. Ẹni tí ó bá ní òun "wọ gèlè", àwọn ọmọdé yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ó sọ èdè yìí kalẹ̀ fún wa kò ka aṣọ sí ohun tí ó kàn wà lára ènìyàn. Ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n kà á sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣe tirẹ̀. Ó sì wá yé mi pé ọ́tò-gèlè kì í ṣe gèlè mọ́. Dídé ni à ń dé e, ṣíṣí ni à ń ṣí i; fìlà ni. Nígbà tí mo fi abẹ́rẹ́ lé ìṣẹ́po yẹn mọ́ra, mo ti rán ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ pa.

Ọkùnrin ni mí. Mo ti rán ìró tí n kò mọye, ṣùgbọ́n n kò ró ìró rí ní ayé mi. Ní ọjọ́ Àìkú, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìtokò, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi hàn mí. Wọ́n rò pé mo ń ṣeré. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo mú ìwé àti gègé dání, wọ́n dìde. Wọ́n ró ìró ṣọ́ọ̀ṣì fún mi: ó gùn, ó bo kókósẹ̀, a tì í bọ apá òsì, ènìyàn kò sì lè gbé ẹsẹ̀ jìnnà nínú rẹ̀, nítorí kò yẹ kí ó gbé e jìnnà. Wọ́n ró ti ọjà: ó ga díẹ̀, tòbí wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àpò owó, ọwọ́ ẹni tí ó ń wá ṣéńjì á sì gba abẹ́ bùbá kọjá lọ́nà kan tí obìnrin nìkan mọ̀. Mo ní ti ìjà ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti kúrò nínú ìyẹn. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fa ìró wọn sókè lójijì, wọ́n yí ẹnu rẹ̀ pọ̀, wọ́n tì í bọ inú kíkankíkan, ọwọ́ kejì sì ti tú gèlè kúrò lórí. Mo ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, gèlè ti wà ní ìdí. Wọ́n ní, "Èyí tí a bá ró báyìí, kì í tú títí ọ̀rọ̀ ó fi parí." Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Fún ìṣẹ́jú kan, mo bẹ̀rù wọn.

A máa ń sọ pé gèlè kò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò sì dà bí kó yẹni. Mo ti gbọ́ òwe yìí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ìparí rẹ̀ nìkan ni mo sì máa ń rántí nídìí iṣẹ́ mi, pé kí ó ṣáà yẹni. N kò ka ti àárín sí. Mímọ̀-ọ́n-wé ni ó fi hàn ẹni tí ènìyàn jẹ́, nítorí obìnrin méjì lè ra gèlè kan náà lọ́wọ́ ẹnì kan náà, kí ọ̀kan wé e bí ẹni tí ó ń kánjú, kí èkejì wé e bí ẹni tí gbogbo ayé ń dúró dè.

Ti àwọn ọkùnrin náà kò yàtọ̀. Ìjòyè kan wà nínú eré wa tí mo fún ní agbádá ẹtù tí mo ka ẹ̀wà rẹ̀ sí púpọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wo ohun tí òṣèré náà ń fi apá agbádá yẹn ṣe. Nígbà tí ó ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, á máa ká a sí èjìká léraléra bí ẹni tí ó ń ká ìlú; nígbà tí ó wà níwájú ọba, á kó o jọ sí àyà kí ó lè dọ̀bálẹ̀; nígbà tí ariwo àwọn obìnrin dé ẹnu ọ̀nà, apá méjèèjì já wálẹ̀, kò sì ká a mọ́. Aṣọ kan, ìwà mẹ́ta. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ nìkan ni kò ní ohun tí ó lè fi aṣọ rẹ̀ ṣe ju kí ó ṣí àkẹtẹ̀ kí ó sì tún un dé, mo sì rò pé ìyẹn náà bá ìwà rẹ̀ mu.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀, ó sì dùn mí pé ó pẹ́ kí n tó rántí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn egúngún ni eré alárìnjó ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí egúngún tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ kìkì ìgbátí tí a so kọ́ yíká mọ̀ pé bí a bá gbé ẹ̀kú náà kọ́ sára ògiri, ẹrù àkísà ni. Ìgbà tí ó bá wọ agbo, tí ó sì fò yí po, ni àwọn ìgbátí náà yóò ṣí yíká bí agboòrùn, tí atẹ́gùn rẹ̀ yóò sì fẹ́ lu àwọn tí ó dúró nítòsí. Ẹni tí ó rán an mọ bí yóò ṣe yí kí ó tó fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ.

Ọjọ́ mẹ́jọ

Mo ní ọjọ́ mẹ́jọ láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo sì yára sọ ọ́ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni ó kù. Mo yọ síìpù kúrò lára gbogbo ìró. Mo bọ́ àlàárì lára olú ẹ̀dá ìtàn, mo fún un ní adìrẹ bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi gèlè pupa kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, aṣọ rírọ̀ tí kò ní ìdálẹ̀, ọ̀pá méjì gígùn, kí ó lè tó gba ìdí. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá yóò rí pupa yẹn lórí rẹ̀ ní apá kìíní, yóò sì rí i ní ìdí rẹ̀ ní apá kejì.

Olùdarí eré béèrè ohun tí a ó ṣe sí ìpààrọ̀ aṣọ mẹ́ta náà. Mo ní kí á fagi lé e. Aṣọ kan ni yóò wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú òǹwòran ni yóò ti máa tún un ró, tí yóò máa tún un wé, orin á sì máa lọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Owó àwọn aṣọ tí o ti rán ńkọ́?" N kò ní ìdáhùn sí ìyẹn, n kò sì tíì ní in di òní.

Ìṣòro kan ṣoṣo tí ó kù ni ti máìkì. Àpótí kékeré tí ó ń gbé ohùn máìkì lọ máa ń wà ní ìdí òṣèré, tẹ́lẹ̀ sì rèé, mo ti rán àpò kan fún un sínú síkẹ́ẹ̀tì tí mo pè ní ìró. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó yanjú rẹ̀ láìmọ̀. Mo rán tòbí fún gbogbo àwọn obìnrin náà, mo sì fi àpótí náà sí àpò owó. Ìgbàkígbà tí ẹ̀dá ìtàn bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá bí ẹni tí ó ń wá ṣéńjì, ó lè jẹ́ pé máìkì ni ó ń tún ṣe. Kò sí òǹwòran tí ó mọ ìyàtọ̀.

Gèlè tí ó ya náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo so ó kọ́ sí òkè ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, oníbàárà kan wọlé, ó ní òun ní òde ní ọjọ́ Sátidé, òun fẹ́ ọ́tò-gèlè, nítorí ọwọ́ òun kò mọ wíwé, ó sì tún fẹ́ kí ó le kí ó má sì yẹ̀. Mo ń rán ọ́tò-gèlè, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi wà lórí rẹ̀. Mo mú téèpù, mo wọn orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbi tí ẹ ń lọ yìí, ṣé ẹ máa bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní rárá, ìgbéyàwó ni.

Mo bá rán an pa.